Ta Ló Bá Àpótí Lọ? Ìtàn Ìdìbò ní Ìhà Àríwá Èkìtì

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1959, tí Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, fà mí lọ́wọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń dìbò ní Ọ̀tùn-Èkìtì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Yèyé ti wẹ̀. Ó ró ìró àdìrẹ tí kì í yọ nínú àpótí bí kò bá ṣe ọjọ́ ọdún, ó sì da ìborùn lé èjìká. Mo rò pé ìgbéyàwó la ń lọ.

Nígbà tó kàn án, wọ́n fi tádàwà kan ìka rẹ̀, wọ́n fún un ní bébà kan, ó sì wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta. Wọn kò jẹ́ kí n bá a wọlé. Lójú ọ̀nà ló ti sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún mi. Ó ní àpótí ló tò sílẹ̀, tí àwòrán wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi ọ̀pẹ wà lára ọ̀kan, èyí ni ti ẹgbẹ́ Action Group. Àkùkọ wà lára òmíràn, èyí ni ti NCNC. Yèyé kò mọ̀wé. Ó ní òun fi àtẹ́lẹwọ́ pa àwòrán igi náà lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó ti bébà bọ inú ihò, kí ojú má baà tan òun jẹ.

Ó dìbò tán, kò lọ sílé. Ó jókòó sábẹ́ igi kan títí ilẹ̀ fi ń ṣú, títí wọ́n fi dí ihò àwọn àpótí náà, tí wọ́n sì kó wọn sínú ọkọ̀. Nígbà náà ló dìde. Ó ń wo ọkọ̀ náà títí eruku rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ó wá kọjú sí bàbá mi, ó ní, "Àkànní, níbo ni wọ́n ń gbé e lọ?"

Bàbá mi dáhùn pé wọ́n ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa kà á.

Yèyé ní, "Ta ló bá a lọ?"

Bàbá mi kò rí èsì fọ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ìbéèrè Yèyé yìí sì ni mo fi ń wọn gbogbo ìdìbò tó ti ṣojú mi. Ní ìgbèríko tiwa, ìbò kì í sábà sọnù nínú àpótí. Láàárín abà àti olú-ìlú ló ti ń sọnù, níbi tí ojú ẹni tó dìbò kò tó.

Ẹkùn wa

Àríwá Èkìtì Kejì ni wọ́n ń pe ẹkùn wa nínú ìwé ìjọba. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló para pọ̀ di ọ̀kan: Mọ̀bà, tí Ọ̀tùn jẹ́ olú fún, Ìdó-Òsì, níbi tí Ìdó, Ìfàkì àti Usì wà, àti Iléjeméje, tó kéré jù lọ nínú ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Aṣojú kan ṣoṣo ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rán lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, nínú àwọn 360 tó ń jókòó níbẹ̀. Mẹ́fà péré ni ti Èkìtì látòkèdélẹ̀.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà wa kọjá yóò rí òkè, oko iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, igi obì àti kòkó níbi tí ilẹ̀ ti dúdú dáadáa. Ìlú wa kò tóbi, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọba, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Láti inú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ìbò wa ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò, nítorí abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ la ti ń dìbò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ààlà tó yà wá sọ́tọ̀

Kí ìdìbò tó dé rárá ni wọ́n ti pinnu ibi tí ohùn wa máa gbà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fa ààlà nílẹ̀ yìí, wọ́n fi Ọ̀tùn sábẹ́ Ìlọrin, ní apá Àríwá. Ọ̀tùn tí Ọọ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọba tí gbogbo Èkìtì ń wárí fún! Ìlú kò gbà. Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé, títí ó fi di ọdún 1936 tí ìjọba dá Ọ̀tùn padà sí Èkìtì, lábẹ́ Ẹkùn Oǹdó. Àwọn ìlú tó ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú wa, bíi Òbó, kù sí òdìkejì, wọ́n sì wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara títí di òní.

Ẹni tó bá rò pé ààlà kì í ṣe nǹkan, kó wá gbọ́ ti Yèyé àti àbúrò rẹ̀. Òbó ni àbúrò Yèyé lọ́kọ sí. Ìrìn ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Nígbà tí ó wá bá wa ṣe Kérésì lọ́dún 1959, tádàwà ṣì kù díẹ̀ lẹ́bàá èékánná Yèyé. Yèyé na ìka náà sí i, ó ní, "Èmi náà ti bá wọn yan ìjọba." Àbúrò rẹ̀ wo ìka náà, ó sì dákẹ́. Ní apá Gúúsù, tọkùnrin tobìnrin tó ti pé ọdún 21 ló lè dìbò lọ́dún yẹn. Ní apá Àríwá, ọkùnrin nìkan ni. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìlà tí àlejò fà sórí bébà ló fún ọ̀kan lóhùn, tó sì gba ti èkejì.

Ìgbà tí owó orí ni káàdì ìdìbò

Bàbá mi ní agolo tábà kan tó ń kó ìwé owó orí rẹ̀ sí. Nígbà tí ó kú, a bá wọn níbẹ̀, ó ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ó fi okùn tínrín so wọ́n pọ̀. Kì í ṣe nítorí akódà nìkan ló fi tọ́jú wọn. Ìwé wọ̀nyẹn ni káàdì ìdìbò rẹ̀ láyé ìgbà náà.

Èkó àti Kàlàbá ni ìdìbò ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1923. Aṣojú mẹ́ta ni Èkó yàn, Kàlàbá yan ẹyọ kan. Olówó ló lè dìbò níbẹ̀, ìgbèríko kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ọdún 1951, lábẹ́ òfin Macpherson, ni ọ̀rọ̀ tó kan àwọn àgbẹ̀. Ìdìbò náà kì í ṣe ojúkojú. Àwọn ọkùnrin tó ń san owó orí máa péjọ ní abúlé, wọ́n á yan àwọn tó máa lọ sí ìpele kejì. Àwọn wọ̀nyẹn ló tún máa yan àwọn tó máa lọ sí Adó, olú ẹkùn Èkìtì, kí wọ́n tó yan àwọn aṣòfin. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ báyìí: "A yan ẹni tó máa yan ẹni tó máa yan aṣòfin." Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi dé Adó, àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ti padà sídìí ebè rẹ̀, kò sì mọ ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe mọ́.

Àwọn 80 tí wọ́n yàn jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn pàdé ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 1952. Ẹgbẹ́ Action Group, tí wọ́n ṣí ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1951, ló gba ìjọba. Àríyànjiyàn ṣì wà títí dòní lórí irú ẹgbẹ́ tí àwọn kan ń ṣe nígbà tí wọ́n kúrò nílé àti èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n jókòó sínú ilé ìgbìmọ̀. Ìbò ti rìn jìnnà kó tó dé ibi tó ti di ìjọba.

Síbẹ̀, ìjọba yẹn ló gbé ohun kan wá sí abúlé wa tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó orí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é bí àwọn ènìyàn nínú. Lọ́dún 1954, nínú ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀, ẹgbẹ́ Alákùkọ ló rí ìjókòó tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì borí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nílé ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́ tán, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ padà borí nínú ìdìbò ẹkùn lọ́dún 1956, ó mú 48 nínú ìjókòó 80. Èmi fúnra mi wọ ilé ẹ̀kọ́ lábẹ́ ètò náà. Bí kì í bá ṣe é, èmi ọmọ àgbẹ̀, tí mo tún jẹ́ obìnrin, kò ní mọ bí a ṣe ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ìdí nìyẹn tí Yèyé fi fi ọwọ́ pa àwòrán ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ìyẹ̀fun tàbí owó ló ń dá lóhùn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé létí rẹ̀ lálaalẹ́ ló mú un lọ.

Ọdún tí iná jó

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ láàárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, wọ́n ju àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì. Akíntọ́lá padà sípò lọ́dún 1963. Lọ́dún 1964, wọ́n dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Dẹ́mọ̀, àwòrán ọwọ́ ni àmì tirẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965 ni wọ́n dìbò sí ìjókòó 94 ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ ọdún 15 ni mí. Ní ibi púpọ̀, wọ́n kéde ọmọ ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ pé kò ní alátakò, nígbà tí alátakò ń wá ibi tí yóò ti fi orúkọ sílẹ̀ kiri. Wọ́n ká bébà ìbò mọ́ àwọn kan lọ́wọ́ kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. UPGA, ẹgbẹ́ alátakò, kéde èsì tirẹ̀, ìjọba kéde òmíràn lórí rédíò. Bí Alhaji D. S. Adégbẹ́nrò ti UPGA ṣe sọ pé àwọn ló borí, tó sì fẹ́ dá ìjọba sílẹ̀, wọ́n mú un.

Rédíò kan ló wà ládùúgbò wa. Àwọn àgbà jókòó yí i ká, bàbá mi wà láàárín wọn. Bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ àwọn tó wọlé, ẹnì kan kò pariwo. Wọ́n kàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ sílé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Kò pẹ́ tí ariwo náà fi dé. Wẹ́tìẹ̀ ni wọ́n pè é: bẹntiróòlù lára ènìyàn, lára ilé, lára mọ́tò. Ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jẹ́ Dẹ́mọ̀, òru kì í dá a sí. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, kò ran nǹkan. Nígbà tí ó di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, ológun gba ìjọba, Akíntọ́lá sì wà lára àwọn tí wọ́n pa.

Bàbá mi kú lọ́dún 1974. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń tọ́jú ìwé owó orí rẹ̀ sínú agolo tábà, tó ń retí ìdìbò tí kò dé. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ń sọ pé ìdìbò kò wúlò, agolo yẹn ni mo máa ń rí.

Sátidé márùn-ún

Lọ́dún 1979, ológun yọ̀ǹda. Sátidé márùn-ún la fi dìbò, láti ọjọ́ 7 oṣù Keje dé ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ: ti sẹ́nétọ̀, ti aṣojú-ṣòfin, ti ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, ti gómìnà, ti ààrẹ. Mo ti di tíṣà nígbà náà, wọ́n sì mú mi ṣe akọ̀wé níbi ìdìbò. Bébà kan ṣoṣo ló gba gbogbo ẹgbẹ́ báyìí. Ènìyàn á tẹ ìka sí ẹ̀gbẹ́ àmì tó bá wù ú, yálà iná ògùṣọ̀ ti UPN tàbí ilé àti àgbàdo ti NPN. Mo rí ìyá arúgbó tó bi mí bóyá òun lè tẹ ìka méjèèjì, kó lè dá àwọn aláṣẹ lójú. Mo sọ fún un pé ìka kan tó.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà nígbà náà, Èkìtì kò tíì dá dúró. UPN ló kó gbogbo ìjókòó 22 tí ìpínlẹ̀ náà ní nílé aṣojú-ṣòfin. Nínú 100 ìbò ààrẹ tí wọ́n dì ní Oǹdó, ó lé ní 94 tó jẹ́ ti Awólọ́wọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló tún ń sọ̀rọ̀.

Yèyé kò sí láyé mọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ wá láti Òbó lẹ́yìn ìdìbò náà. Òfin ti yí padà, àwọn obìnrin apá Àríwá náà ti lè dìbò. Kò tíì jókòó tó fi na ìka sí mi lójú. "Tíṣà," ló ní, "ó kàn mí." Ogún ọdún ni ìlà orí bébà fi ya ìka méjì tó jáde láti inú ìyá kan náà.

Alẹ́ tí mo kọ iye náà sílẹ̀

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1983, a dìbò gómìnà. Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin ti UPN ń wá sáà kejì. Ẹni tó bá a du ipò ni Olóyè Akin Ọmọ́boríowó, ọmọ Ìjerò-Èkìtì, tó ti jẹ́ igbá-kejì rẹ̀ kó tó lọ sí NPN.

Mo tún ṣe akọ̀wé. Ilẹ̀ ṣú kí a tó parí. A gbé lántánì sórí tábìlì ọmọ ilé ẹ̀kọ́, a da bébà jáde, a sì ń kà á sókè. Bí mo bá ka mẹ́wàá, àwọn tó dúró lẹ́yìn fèrèsé á dá mi lóhùn, "Mẹ́wàá!" Bí mo bá ka ogún, wọ́n á ní, "Ogún!" Kòkòrò iná ń já lu gíláàsì lántánì, òógùn ń kán sílẹ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n ohùn kan kò jìn. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ìwé èsì. Kí n tó tẹ̀lé wọn jáde, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé kan tí mo fi ń kọ iṣẹ́ kíláàsì, mo kọ iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, mo sì kọ ọjọ́ sí i. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá ìbéèrè Yèyé ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ 16, rédíò kéde pé Ọmọ́boríowó ló wọlé. Àkúrẹ́ gbiná. Ibi púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà gbiná. Ẹ̀mí bọ́, ilé jóná, àwọn ẹbí tó ti ń jẹun pọ̀ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn tí kò ṣẹlẹ̀ ní 1965. Ìwé èsì wà. Iye tí wọ́n kọ níbi tí àwọn ènìyàn ti dìbò, tí aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, wà lọ́wọ́ àwọn tó pe ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ gbé iye tó wá láti ìgbèríko lé iye tí wọ́n kéde ní olú-ìlú, wọn kò bára mu. Ilé ẹjọ́ dá Ajáṣin láre títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì padà sípò. Oṣù mẹ́ta péré ló lò, ológun tún dé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà kò parun lọ́kàn mi: ìbò tí a bá kà sókè lójú gbogbo ènìyàn, tí a sì kọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ṣòro láti pa á lójú ọ̀nà. Ó ní ẹlẹ́rìí tó bá a lọ.

N kò ní pẹ́ lórí ìdìbò ààrẹ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹṣin ti SDP sáré jákèjádò ìpínlẹ̀ wa, a ka ìbò níta gbangba, a pàtẹ́wọ́, a sì lọ sílé pẹ̀lú àlàáfíà. Ní ọjọ́ 23, ìjọba ológun fagi lé e. Ìbò náà kò sọnù láàárín abà àti olú-ìlú lọ́tẹ̀ yìí. Ó dé olú-ìlú láyọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa á.

Ìdó-Òsì

Èkìtì di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Kò pé ọdún mẹ́tàlá tí gbogbo Nàìjíríà fi mọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú ẹkùn wa.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, àjọ elétò ìdìbò kéde Olóyè Ṣẹ́gun Òní ti PDP, ọmọ Ìfàkì, gẹ́gẹ́ bíi gómìnà. Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti AC, ọmọ Ìsàn, pe ẹjọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin pàṣẹ pé kí wọ́n tún ìdìbò ṣe ní wọ́ọ̀dù 63, nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ni a ṣe é. Èsì ń wọlé láti ibi gbogbo, ó wá ku Ìdó-Òsì. Gbogbo ìpínlẹ̀ ń dúró de ìjọba ìbílẹ̀ kan tó jẹ́ ti àgbẹ̀ àti tíṣà.

Ọ̀gá àgbà àjọ elétò ìdìbò ní ìpínlẹ̀ náà, Ìyáàfin Ayọ̀ka Adébáyọ̀, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rí ọkàn òun gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́ kò jẹ́ kí òun kéde ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun kéde. Wọ́n ní kò sí níbi tí wọ́n ti lè rí i. Àwọn obìnrin bọ́ sí ìgboro Adó láti fi ìbínú hàn, àgbàlagbà wà láàárín wọn tó tú aṣọ. Ní ilẹ̀ wa, bí ìyá bá tú aṣọ níta, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ìṣèlú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Ìyáàfin Adébáyọ̀ padà wá, ó sì kéde Òní ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Fáyẹmí láre. Wọ́n búra fún un lọ́jọ́ kejì, nígbà tí sáà ọdún mẹ́rin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dìbò ti kọjá ìdajì.

Mo ní àna ní Ìdó-Òsì, mo sì mọ ìrora wọn. Ẹni tó dìbò tòótọ́ níbẹ̀, láti ẹgbẹ́ yòówù, wọ́n fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe àpèjúwe èrú. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tó tò láti òwúrọ̀ kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ sílé ló bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

Ìbò tó sọnù kó tó dé àpótí

Lẹ́yìn náà ni àìsàn mìíràn wọlé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2014, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀délé Fáyóṣe ti PDP borí Fáyẹmí nínú ìdìbò gómìnà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Ìrẹsì àti ohun jíjẹ gba ẹnu ọ̀rọ̀ ìṣèlú kan. Nígbà tí ó fi di ọdún 2018, àwọn ènìyàn ti ní orúkọ fún un: "Dìbò kó o sebẹ̀." Ẹgbẹ́ kan kò mọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ọkàn mi sì ń gbọgbẹ́. Ìbò Yèyé rìn lọ sí ibi tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán, òun fúnra rẹ̀ ló jù ú sínú àpótí. Ìbò tí a bá tà, kò rìn dé ibì kankan. Ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ ló ti kú sí.

Mi ò dá ẹni tí ebi ń pa lẹ́bi. Mo mọ ìdílé tí owó ìbò ti ra oògùn ọmọ. Ẹni tó fi ìlú sínú ebi kó lè ra ìbò rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú ni mo ń bá wí.

Ìjókòó wa ní Àbújá náà ń yí tẹ̀lé afẹ́fẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀. Lọ́dún 2015, nígbà tí agboòrùn PDP ṣí lórí gbogbo Èkìtì, Thaddeus Aina ti PDP ló wọlé. Lọ́dún 2019, ìgbálẹ̀ APC ló gbá gbogbo rẹ̀, Ọlánrewájú Ibrahim ló wọlé. Lọ́dún 2023, Akínlayọ̀ Kọ́láwọlé ti APC ni. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe gómìnà ní Adó ló ń mú wa. Ó yẹ kí ìyẹn bi àwa ará ẹkùn yìí léèrè bóyá aṣojú tiwa là ń yàn, tàbí à ń fi kún ìbò ẹlòmíràn.

Ìwé àtijọ́ àti fóònù ọmọ mi

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2022, a dìbò gómìnà tó gbé Ọ̀gbẹ́ni Bíọ́dún Oyèbánjí wọlé. Ẹ̀rọ BVAS ló fi ìka àti ojú dá wa mọ̀. Mo dìbò tán, n kò lọ sílé. Mo gbé àga mi sábẹ́ igi. Àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí pé, "Màmá, kí lẹ ń dúró dè?" Mo ní mò ń dúró kí wọ́n ka ìbò.

Wọ́n kà á sókè. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé èsì, òṣìṣẹ́ ìdìbò náà sì fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀. Mo yọ ìwé kíláàsì mi ti ọdún 1983 láti inú àpò, ewé rẹ̀ ti pọ́n, mo kọ iye tí mo gbọ́ sí abẹ́ ti ìgbà náà. Lálẹ́, ọmọ ọmọ mi obìnrin tẹ fóònù rẹ̀, ó wá nọ́ḿbà ibùdó wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi àwòrán náà hàn mí. Mo wọ awò ojú mi. Mo fi ìka tẹ̀lé iye náà lórí fóònù, mo fi tẹ̀lé e nínú ìwé mi. Wọ́n bára mu. Ojú mi ṣomi. Ọmọ náà rò pé inú mi kò dùn.

N kò sọ pé ọ̀nà ti mọ́ tán. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, àwòrán èsì ìdìbò ààrẹ kò gòkè sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tó yẹ, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tún bọ́ sínú iyèméjì. Ẹ̀rọ kò lè bá ìbò lọ bí ènìyàn kò bá tẹ̀lé e. Láti ibùdó dé wọ́ọ̀dù, láti wọ́ọ̀dù dé ìjọba ìbílẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n ti ń kéde, ó yẹ kí ojú wa wà lára iye tí a gbọ́.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ Mọ̀bà, Ìdó-Òsì àti Iléjeméje: ẹ má ṣe dìbò kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ dúró kí wọ́n kà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ohun tí ẹ kọ ni wọ́n kà níwájú.

Ọmọ ọmọ mi yóò pé ọdún 18 kí ìdìbò àpapọ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Mo ti fún un ní ìwé kíláàsì náà. Ó ṣí i, ó ka iye ọdún 1983, ó ka ti 2022, ó sì bi mí ẹni tí yóò kọ èyí tó tẹ̀lé e. Mo ní, "Ìwọ ni. Ìwọ lo máa bá a lọ."